Kaṣíà méjì yọ owó nínú àkáǹtì kan náà nígbà kan náà, transaction ò sì dá wọn dúró. Ẹ bá mi dá sí i

AdéDev_Àkúrẹ́

Ẹ káalẹ́ o ẹ̀yin ará ilé. Mo ń bójú tó áàpù kan fún ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn oníṣòwò, ọ́fíìsì wọn kan wà nítòsí Ọjà Ọba níbí l'Àkúrẹ́, èkejì wà ní Yaba nílùú Oǹdó. Ẹni tó kọ́kọ́ kọ áàpù náà ti rìnrìn àjò, wọ́n wá gbé e lé mi lọ́wọ́.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá nìyí. Màmá kan ní ₦85,000 nínú àkáǹtì, wọ́n wá gba ₦60,000 l'Àkúrẹ́, ọmọ wọn tó láṣẹ láti gbowó fún wọn náà gba ₦50,000 l'Oǹdó ní ìṣẹ́jú kan náà. Àwọn kaṣíà méjèèjì rí ₦85,000 lójú kọ̀ǹpútà, àwọn méjèèjì tẹ̀ ẹ́, ó sì gbà fún àwọn méjèèjì. ₦110,000 ló jáde, dátábéèsì sì ń sọ pé màmá ṣì ní ₦35,000 nílẹ̀. Kò sẹ́ni tó jalè níbẹ̀, kò sẹ́ni tó purọ́.

Node.js ni wọ́n fi kọ ọ́, dátábéèsì PostgreSQL ló wà lẹ́yìn. Mo ti fi BEGIN àti COMMIT sí i láàárọ̀ yìí kó lè di transaction, ìyẹn iṣẹ́ tó gbọ́dọ̀ wọlé lódindi tàbí kó má wọlé rárá, àmọ́ mo fi fóònù méjì dán an wò, bákan náà ló ṣì rí. Ẹ jọ̀ọ́, kí ló kù?

Ìyá_Kóòdù

Pẹ̀lẹ́ o àbúrò mi. Kọ́kọ́ lọ bá alága sọ̀rọ̀ kí wọ́n má lọ lé ọmọ ọlọ́mọ lẹ́nu iṣẹ́, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ẹ̀bi kaṣíà kankan. Lẹ́yìn náà fi kóòdù yẹn hàn wá, ibi tó ti ń ka bálánsì àti ibi tó ti ń kọ ọ́ padà. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá pool.query lo fi pe BEGIN yẹn.

AdéDev_Àkúrẹ́

Bẹ́ẹ̀ ni mà, òun ni. Ó rèé, mo kàn yọ ibi tó ti ń kọ ọ́ sínú isipopada kúrò, ìyẹn téébù àkọsílẹ̀ owó tó wọlé àti èyí tó jáde, pẹ̀lú tela, nọ́ńbà tẹ́là rẹ̀:

```
await pool.query('BEGIN');
const r = await pool.query('SELECT balansi FROM akanti WHERE id = $1', [id]);
if (r.rows[0].balansi >= iye) {
  await pool.query('UPDATE akanti SET balansi = $1 WHERE id = $2',
    [r.rows[0].balansi - iye, id]);
}
await pool.query('COMMIT');
```

Ìyá_Kóòdù

Ó dáa. Nǹkan méjì ló wà níbẹ̀, jẹ́ ká mú un lọ́kọ̀ọ̀kan.

Transaction kì í ṣe ti áàpù, kì í sì í ṣe ti pool (agbo kọnẹ́kíṣọ̀n tí áàpù ń yá lò), ti kọnẹ́kíṣọ̀n kan ṣoṣo sí dátábéèsì ni. Kọnẹ́kíṣọ̀n tó bá sọ BEGIN, òun náà ló gbọ́dọ̀ sọ gbogbo ohun tó tẹ̀ lé e títí dé COMMIT. Pool tí ò ń lò yẹn máa ń ṣí tó kọnẹ́kíṣọ̀n 10 tó ò bá yí i padà, tó o bá sì ti pe pool.query, èyí tó bá ráyè nínú wọn ló máa gbé iṣẹ́ yẹn. Tó bá jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo ló ń lò ó, ó lè jọ pé ó ń ṣiṣẹ́, torí kọnẹ́kíṣọ̀n kan náà ló ń bọ́ sí lọ́wọ́, àmọ́ tí èrò bá ti pọ̀, BEGIN á lọ sórí èyí, SELECT á lọ sórí ìyẹn, UPDATE á bọ́ sórí òmíràn tí kò sí transaction kankan lórí ẹ̀, á sì wọlé lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ROLLBACK, àṣẹ tó ń dá iṣẹ́ transaction padà, ò lè fà á padà mọ́. Èyí tó sọ BEGIN á wá jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú transaction tí ò tíì parí, ẹlòmíì á gbà á lọ́wọ́ pool, á máa kọ iṣẹ́ tiẹ̀ sínú transaction tí kì í ṣe tiẹ̀. Ìyẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù níbẹ̀ ju ti owó màmá yẹn lọ, torí o lè wá iṣẹ́ tẹ́nì kan ṣe láàárọ̀ tì lálẹ́.

Nǹkan kejì: ká tiẹ̀ ní kọnẹ́kíṣọ̀n kan náà ló gbé gbogbo rẹ̀, SELECT lásán ò di nǹkan kan mú. Kaṣíà Àkúrẹ́ ka 85, kaṣíà Oǹdó náà ka 85, kálukú lọ ṣírò tiẹ̀ nínú Node, ẹni tó bá kọ kẹ́yìn ló nu ti ẹnì kejì rẹ́. Tó o bá fẹ́ kí bálánsì tó o kà jẹ́ tìẹ títí wàá fi parí, sọ fún dátábéèsì pé kó bá ẹ tì í. FOR UPDATE nìyẹn. Bí ìgbà tí akọ̀wé ẹgbẹ́ bá mú ìwé ńlá sọ́wọ́ ni, ẹni tó kàn á dúró títí akọ̀wé á fi gbé e sílẹ̀, tó bá wá dé orí ẹ̀, ohun tí akọ̀wé ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ ló máa kà.

```
const c = await pool.connect();
try {
  await c.query('BEGIN');
  const r = await c.query(
    'SELECT balansi FROM akanti WHERE id = $1 FOR UPDATE', [id]);
  if (r.rows[0].balansi < iye) throw new Error('Owo ko to');
  await c.query(
    'UPDATE akanti SET balansi = balansi - $1 WHERE id = $2', [iye, id]);
  await c.query(
    'INSERT INTO isipopada (akanti_id, iye, tela) VALUES ($1, $2, $3)',
    [id, -iye, tela]);
  await c.query('COMMIT');
} catch (e) {
  await c.query('ROLLBACK');
  throw e;
} finally {
  c.release();
}
```

Wo `c` yẹn dáadáa, òun nìkan ló ń sọ̀rọ̀ látòkè délẹ̀. Má sì gbàgbé release nínú finally, torí tí kọnẹ́kíṣọ̀n mẹ́wàá bá lọ tí wọn ò padà, gbogbo áàpù á kàn máa yí ni, kò ní sọ ohun tó ń ṣe é.

Baba_Alágbàka

Ẹ kú iṣẹ́ o Ìyá. Òótọ́ lẹ sọ, ṣùgbọ́n fún yíyọ owó lásán báyìí èmi ò ní lo FOR UPDATE rárá, UPDATE kan ṣoṣo tó o:

```
UPDATE akanti SET balansi = balansi - 60000
WHERE id = 41 AND balansi >= 60000;
```

UPDATE fúnra ẹ̀ máa ń ti ìlà yẹn. Tí ti Oǹdó bá dé nígbà tí ti Àkúrẹ́ ò tíì parí, á dúró, tí ti Àkúrẹ́ bá sọ COMMIT, PostgreSQL á tún WHERE yẹn wò lórí ìlà tuntun, á rí i pé ₦25,000 ló kù, kò tó ₦50,000 tí wọ́n fẹ́ yọ, ìlà tó yí padà á jẹ́ òdo. Adé, kí kóòdù rẹ wo rowCount, iye ìlà tó yí padà, tó bá jẹ́ òdo, sọ fún kaṣíà pé owó ò tó, kí o sì ROLLBACK. INSERT ti isipopada ṣì gbọ́dọ̀ wà nínú transaction kan náà pẹ̀lú UPDATE yìí ṣá, torí owó tó kúrò nínú bálánsì tí kò sí nínú ìwé, ìjà lọ máa dà tí àwọn aṣàyẹ̀wò owó bá dé.

Àti pé jọ̀ọ́, fi ẹ̀ṣọ́ sí ẹnu ọ̀nà téébù fúnra ẹ̀:

```
ALTER TABLE akanti ADD CHECK (balansi >= 0);
```

Lọ́la ẹlòmíì á kọ áàpù fóònù fún wọn, ẹlòmíì á ṣí psql, ibi tí wọ́n ti ń tẹ àṣẹ sí PostgreSQL tààrà, á máa fọwọ́ tún nǹkan ṣe, àwọn yẹn ò ní ka kóòdù rẹ kí wọ́n tó ṣe é. Òfin tó wà nínú dátábéèsì ló máa ká gbogbo kọnẹ́kíṣọ̀n, ibi yòówù kí wọ́n ti wá.

Ìyá_Kóòdù

Mo gbà fún yín bàbá, níbi tí UPDATE kan bá ti tó, òun ló dáa jù. FOR UPDATE mi wà fún ibi tó bá yẹ kí kóòdù ka nǹkan, kó rò ó, kó tó kọ ọ́, bí ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ wo bóyá ọmọ ẹgbẹ́ jẹ gbèsè kí wọ́n tó jẹ́ kó gbowó.

Adé, wo irú owó tó o fi sínú òpó balansi náà. Tó bá jẹ́ numeric tàbí bigint, node-postgres máa dá a padà fún ẹ bí ọ̀rọ̀ ni, kì í ṣe bí nọ́ńbà, tí méjì bá sì jẹ́ ọ̀rọ̀, "9000" á ju "85000" lọ lójú JavaScript. Jẹ́ kí dátábéèsì máa ṣe ìṣirò àti ìfiwéra fúnra ẹ̀. Má sì lo float, nọ́ńbà tí kì í péye tán, fún owó láéláé.

FUTA_300L

Ẹ káalẹ́ ẹ̀yin ọ̀gá mi. Mo fẹ́ béèrè nǹkan kan, ẹ má bínú. Wọ́n ti kọ́ wa ní ACID, ìlérí mẹ́rin tí transaction ń ṣe, pé Härder àti Reuter ló fún un lórúkọ yẹn ní 1983, àti pé iṣẹ́ lórí transaction wà lára ohun tí Jim Gray fi gba Turing Award ti 1998. Lẹ́tà I yẹn (Isolation), mo rò pé ohun tó ń sọ ni pé kí transaction kọ̀ọ̀kan rí bíi pé òun nìkan ló wà nílé. Kí ló wá dé tí BEGIN nìkan ò fi gba màmá yẹn là?

Ìyá_Kóòdù

Ìbéèrè gidi nìyẹn ọmọ mi, ọ̀pọ̀ ẹni tó ti ń gbowó oṣù lórí iṣẹ́ yìí ni kò bi ara wọn.

Ìdí ni pé I yẹn ní ìpele-ìpele, ìpele tí PostgreSQL bá ẹ mú tó ò bá sọ nǹkan kan ni READ COMMITTED. Ohun tó ṣèlérí fún ẹ kò ju pé gbólóhùn kọ̀ọ̀kan máa rí ohun tó ti COMMIT kí gbólóhùn yẹn tó bẹ̀rẹ̀. Kò sọ pé ohun tó o kà ní gbólóhùn àkọ́kọ́ ò ní yí padà kó o tó dé ìkejì. Tó o bá gòkè sí REPEATABLE READ, ẹni kejì tó bá fẹ́ kọ sórí ìlà tí ẹlòmíì ti yí padà á gba àṣìṣe 40001, kò ní nu ti ẹnikẹ́ni rẹ́. SERIALIZABLE ló sún mọ́ ohun tí wọ́n kọ́ yín, ó sì ti wà dáadáa nínú PostgreSQL láti ẹ̀dà 9.1 ní 2011.

Ibi tí mo ti fẹ́ràn SERIALIZABLE ni ọ̀rọ̀ onídùúró. Ká ní òfin ẹgbẹ́ ni pé èèyàn ò gbọ́dọ̀ ṣe onídùúró fún ju ẹni méjì lọ. Bàbá kan ti dúró fún ẹnì kan. Àkúrẹ́ kà á, ó rí ẹyọ kan, ó fi ìkejì sí i. Oǹdó náà kà á nígbà kan náà, ó rí ẹyọ kan, ó fi tiẹ̀ náà sí i. Bàbá ti di onídùúró ẹni mẹ́ta, kò sì sí ìlà kankan tí àwọn méjèèjì jọ fọwọ́ kàn, torí ìlà tuntun ni kálukú wọn kọ. FOR UPDATE lórí àwọn ìlà onídùúró tó wà nílẹ̀ ò ní mú un, ìlà tí ò tíì sí ò ṣeé tì. Yálà kó o ti ìlà bàbá fúnra wọn nínú téébù ọmọ ẹgbẹ́ kó o tó kà á, tàbí kó o lo SERIALIZABLE kí dátábéèsì lé ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì padà.

Àmọ́ tó o bá lò ó, o gbọ́dọ̀ ṣetán láti tún un ṣe. Tí 40001 bá dé, ROLLBACK, kó o bẹ̀rẹ̀ látorí BEGIN, kó o tún gbogbo nǹkan kà, má lo ohun tó o ti kà tẹ́lẹ̀.

Ọmọ_IléOlújì

Ẹ fi ti deadlock kún un o. A ṣe irú áàpù yìí fún àwọn kan, ọmọ ẹgbẹ́ lè fi owó ránṣẹ́ sí ara wọn. Ìyá Bọ́sẹ̀ ń fi ránṣẹ́ sí Ìyá Kúnlé, Ìyá Kúnlé náà ń fi ránṣẹ́ sí Ìyá Bọ́sẹ̀ lákòókò kan náà, èyí ti ti ìlà Bọ́sẹ̀ ó ń dúró de ti Kúnlé, èyí ti ti Kúnlé ó ń dúró de ti Bọ́sẹ̀, kò sẹ́ni tó máa kúrò níbẹ̀ láé. PostgreSQL á dúró fún ìṣẹ́jú àáyá 1 kó tó yẹ̀ ẹ́ wò, á wá pa ọ̀kan pẹ̀lú àṣìṣe 40P01.

Ọ̀nà àbáyọ ò le: ẹ máa ti ìlà méjèèjì ní ètò kan náà nígbà gbogbo, ẹni tí id rẹ̀ kéré ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ tì, yálà òun ló ń fi ránṣẹ́ tàbí òun ló ń gbà. Tí 40P01 bá ṣì dé, ẹ ṣe é bí ẹ ṣe ń ṣe 40001.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń lo MySQL, ẹ wo engine téébù yín, ìyẹn ohun tó ń tọ́jú rẹ̀ lábẹ́lẹ̀, MyISAM ò mọ transaction, á gba BEGIN lọ́wọ́ yín á sì dákẹ́, ROLLBACK ò ní dá nǹkan kan padà. InnoDB ni kẹ́ ẹ lò. Tiẹ̀ tún yàtọ̀, REPEATABLE READ ló fi ń bẹ̀rẹ̀, àmọ́ kì í pariwo bíi ti PostgreSQL, SELECT lásán á máa fi bálánsì àtijọ́ hàn yín, UPDATE yín á sì kọ lé tuntun lórí láìsí àṣìṣe kankan. Ẹ̀ẹ̀kan síi, tí ìlà tẹ́ ẹ ń dúró dè bá pẹ́ tó ìṣẹ́jú àáyá 50, á fún yín ní àṣìṣe 1205, gbólóhùn yẹn nìkan ló sì máa dá padà, ìyókù transaction ṣì wà ní ṣíṣí. Ẹ̀yin lẹ máa sọ ROLLBACK fúnra yín.

KòkóÌdànrè

Ẹ jọ̀ọ́, tèmi kéré sí tiyín. A ń ra kòkó lọ́wọ́ àgbẹ̀ níbí n'Ídànrè, àkọsílẹ̀ ìwọ̀n àti owó wà nínú SQLite, a gbé fáìlì náà sínú fódà tí kọ̀ǹpútà mẹ́ta jọ ń lò lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Nígbà míì ó máa ń sọ pé "database is locked". Ṣé transaction ló fà á ni?

Baba_Alágbàka

Ẹ kú ọjà o. SQLite dáa gan-an, àmọ́ ẹnì kan ṣoṣo ló lè máa kọ nǹkan sínú ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ìyẹn ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Lórí kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo, ẹ sọ PRAGMA busy_timeout fún un kó máa dúró díẹ̀ kó tó kọ̀, kẹ́ ẹ sì máa fi BEGIN IMMEDIATE bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tó bá fẹ́ kọ nǹkan, torí BEGIN lásán kì í gba àyè ìkọ̀wé títí ẹ ó fi fẹ́ kọ, ìgbà yẹn ló sì lè lé yín padà.

Fódà nẹ́tíwọ́ọ̀kì yẹn ló wá le jù. Ọ̀pọ̀ fódà báyẹn kì í bá SQLite ti fáìlì bó ṣe yẹ, fáìlì sì lè bàjẹ́ pátápátá, WAL rẹ̀ (ìwé tó ń kọ iṣẹ́ sí kó tó wọ fáìlì gan-an) tiẹ̀ ń fẹ́ kí gbogbo ẹni tó ń lò ó wà lórí kọ̀ǹpútà kan náà. Pẹ̀lú kọ̀ǹpútà mẹ́ta, ẹ gbé PostgreSQL sórí ọ̀kan, kí méjì tó kù máa sọ̀rọ̀ sí i. Owó àgbẹ̀ ló wà níbẹ̀, iṣẹ́ ọdún kan gbáko ni.

AdéDev_Àkúrẹ́

Ẹ ṣeun gan-an, Ọlọ́run á bá mi san án fún yín. Mo ti tún kóòdù ṣe. Ìbéèrè méjì ló kù. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì Oǹdó máa ń já, kaṣíà á tẹ̀ ẹ́, á yí yí yí, kò ní mọ̀ bóyá ó wọlé, á tún tẹ̀ ẹ́. Èkejì, áàpù máa ń fi SMS ránṣẹ́ tí owó bá jáde, inú transaction ló wà, ṣé kò burú?

Ìyá_Kóòdù

Ti àkọ́kọ́: nẹ́tíwọ́ọ̀kì lè já lẹ́yìn tí COMMIT ti wọlé, kí ìdáhùn tó dé ọ̀dọ̀ yín. Transaction ò lè yanjú ìyẹn fún ẹ, torí lójú tiẹ̀, iṣẹ́ ti parí. Kí kọ̀ǹpútà kaṣíà dá nọ́ńbà tẹ́là sílẹ̀ kó tó tẹ̀ ẹ́, kí nọ́ńbà yẹn má yí padà bó ti wù kó tẹ̀ ẹ́ tó, kó o sì fi UNIQUE sórí òpó tela, kí nọ́ńbà kan má lè wọlé lẹ́ẹ̀mejì. Tó bá tún dé lẹ́ẹ̀kejì, INSERT á kọ̀, gbogbo transaction á padà, bálánsì ò ní yọ lẹ́ẹ̀mejì. Kóòdù rẹ á wá wo tela yẹn nínú téébù, á sì sọ fún kaṣíà pé ó ti wọlé, kó fún wọn lówó wọn.

Ti SMS burú o. Ilé iṣẹ́ SMS lè lo ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan kó tó dáhùn, gbogbo àkókò yẹn ìlà màmá wà ní títì, àwọn tó kù ń dúró. Tí transaction bá sì wá padà, SMS ti lọ, màmá ti ka a pé owó jáde. Nínú transaction, kọ ìlà kan sínú téébù tó o pè ní smsfiranse. Ètò míì tó dá dúró ni kó máa ka téébù yẹn, kó máa fi wọ́n ránṣẹ́, ìlà tí kò bá COMMIT ò ní sí níbẹ̀ fún un láti kà.

Má sì ṣí transaction kó o máa dúró de èèyàn. Kaṣíà ṣí ojú ìwé màmá, ó lọ jẹun, ìlà wà ní títì títí ó fi dé. Fi idle_in_transaction_session_timeout sí i, kó lè já èyí tó bá jókòó lásán pẹ́ jù, kó o sì máa wo pg_stat_activity, ibi tí PostgreSQL ti ń fi ohun tí kọnẹ́kíṣọ̀n kọ̀ọ̀kan ń ṣe hàn, èyí tó bá ń sọ "idle in transaction" fún ìgbà pípẹ́, wá kóòdù tó ṣí i rí.

FUTA_300L

Tí iná bá lọ lójijì ńkọ́? Níbí iná lè lọ nígbàkugbà.

Baba_Alágbàka

PostgreSQL kì í sọ fún ẹ pé COMMIT ti ṣe títí á fi kọ ọ́ sínú WAL lórí dísìkì. Tí iná bá padà, á ka WAL yẹn, èyí tó ti COMMIT á wà, èyí tí ò tíì COMMIT ò ní sí. Ohun tó bá fẹ́ ba èyí jẹ́ ni kí ẹnì kan pa fsync, èyí tó ń rí i pé ohun tí wọ́n kọ dé dísìkì lóòótọ́, torí ó fẹ́ kó yára. Ẹ má gbà fún un.

Ọmọ_IléOlújì

Adé, mo rí i pé o sọ pé ọ́fíìsì méjì. Ṣé dátábéèsì kan ni àbí méjì?

AdéDev_Àkúrẹ́

Ọ̀kan ni sà, àmọ́ alága ń sọ pé kí Oǹdó ní tiẹ̀ nítorí nẹ́tíwọ́ọ̀kì.

Ọmọ_IléOlújì

Bẹ̀ wọ́n kí wọ́n dúró ná. Transaction inú dátábéèsì kan ò ká èkejì. PREPARE TRANSACTION wà nínú PostgreSQL fún irú ẹ̀, wọ́n tì í pa látilẹ̀ ni, òdo ni max_prepared_transactions, ìdí sì wà: tí ọ̀kan bá PREPARE tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì já kó tó gba COMMIT, àwọn ìlà tó tì á wà ní títì, tó o bá tiẹ̀ tún sáfà tàn wọ́n ṣì wà níbẹ̀, títí ẹnì kan á fi wá parí ẹ̀. Owó tí wọ́n fẹ́ fi ṣe sáfà kejì, kí wọ́n fi ra nẹ́tíwọ́ọ̀kì kejì fún ọ́fíìsì Oǹdó.

AdéDev_Àkúrẹ́

Mo máa sọ fún wọn. Mo ti dán an wò báyìí: mo ṣí psql méjì, mo sọ BEGIN nínú àwọn méjèèjì, èkejì dúró títí mo fi sọ COMMIT nínú àkọ́kọ́, ó wá dá UPDATE 0 padà. Mo tún fi pgbench, irinṣẹ́ ìdánwò PostgreSQL, pẹ̀lú kọnẹ́kíṣọ̀n púpọ̀ yọ owó nínú àkáǹtì ìdánwò kan, kò lọ sísàlẹ̀ òdo, àpapọ̀ isipopada àti bálánsì sì bára mu. Àwọn àkáǹtì tó ti bàjẹ́ kí n tó dé ńkọ́? Mo lè rí wọn, torí isipopada ní ìlà méjèèjì, bálánsì nìkan ni kò bá a mu.

Ìyá_Kóòdù

```
SELECT a.id, a.balansi, COALESCE(SUM(i.iye), 0) AS apapo
FROM akanti a LEFT JOIN isipopada i ON i.akanti_id = a.id
GROUP BY a.id, a.balansi
HAVING a.balansi <> COALESCE(SUM(i.iye), 0);
```

Ṣe é lálẹ́ tí wọ́n bá ti pa ọ́fíìsì. Tẹ̀ ẹ́ jáde, kí akápò àti akọ̀wé jókòó tì í pẹ̀lú ìwé tẹ́là, kó o má fọwọ́ ara rẹ yí bálánsì ẹnikẹ́ni padà kí wọ́n tó fọwọ́ sí i. Ti màmá yẹn, àpapọ̀ rẹ̀ á jẹ́ -₦25,000, CHECK tí bàbá ní kó o fi sí i ò sì ní gbà á. Tí ẹgbẹ́ bá gbà kó jẹ́ gbèsè, kọ ₦25,000 sínú isipopada bí àwìn tí ẹgbẹ́ fún wọn, kó o kọ ọ́ sínú téébù gbèsè náà, kó o sì sọ bálánsì di 0, gbogbo rẹ̀ láàárín BEGIN kan àti COMMIT kan.

AdéDev_Àkúrẹ́

Mo ti gbọ́ mà. Lálẹ́ ọ̀la ni mo máa ṣe é, akápò ti ní àwọn máa dúró dè mí.